Ajá Tí Eré Rẹ̀ Ti Parí, Ta Ni Yóò Gbà Á Tọ́?

  

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí lè pa àwọn mìíràn lẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ ajá ni. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin, nítorí díẹ̀ ló kù kó da àárín ìyá àti ọmọ rú nínú ìjọ wa.

Lẹ́yìn Mísà ọjọ́ Ìsinmi kan, ìyá kan pè wá sí abẹ́ igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Ọlọ́run. Inú rẹ̀ kò dùn. Ó ní: "Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ojú ìwé ìdílé, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ mi tó wà ní Manchester, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi lórí tẹlifóònù. Ajá gíga kan tó rù ló nà gbalaja sórí àga nínú ilé rẹ̀, wọ́n sì wọ ẹ̀wù fún un. Mo bi í pé ajá ta nìyẹn. Ó ní kì í ṣe tòun, pé òun àti ìyàwó òun kàn gbà á tọ́ ni, àti pé tó bá tó oṣù díẹ̀, wọn yóò fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ó ní ajá eré ìje ni, pé ó ti fẹ̀yìntì. Ẹ gbọ́ o, ajá ń fẹ̀yìntì! Àbúrò rẹ̀ ń wá owó ilé ẹ̀kọ́ níhìn-ín, òun ń wọ ẹ̀wù fún ajá onájá. Láti ọjọ́ náà, bó bá pè mí, n kì í fẹ́ gbé e."

A kò dá ìyá wa lóhùn lójú ẹsẹ̀. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. A ní kó fún wa láyè kí a bá ọmọ náà sọ̀rọ̀, kí a sì wádìí ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ohun tí a rí nìyí.

Irú ajá wo ni?

Ajá yìí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní greyhound. Ó wà lára àwọn ajá tí àwọn Faransé ń pè ní lévrier. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, àyà rẹ̀ jìn, ìbàdí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, irun ara rẹ̀ sì kúrú. Tí ó bá nà tán, ó lè sá eré tó 70 kìlómítà ní wákàtí kan. Zémidjan tó bá ń sáré bẹ́ẹ̀ láàárín ìlú, a ó máa pariwo lé e lórí. Ní àtijọ́, ọdẹ ni wọ́n ń fi í ṣe. Àwa tí a ti ìdílé ọdẹ wá ní Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ mọ ohun tí ajá jẹ́ fún ọdẹ.

Nígbà tó yá, wọ́n sọ ìsáré rẹ̀ di eré ìje. Ará Amẹ́ríkà kan, Owen Patrick Smith, ló ṣe ètò ehoro àtọwọ́dá tí ẹ̀rọ ń fà yí pápá ká, tí àwọn ajá á máa lé láìní bá a láéláé. Ọ̀nà náà dé Bìrìtéènì ní ọjọ́ 24 oṣù Keje 1926, ní pápá Belle Vue ní Manchester, ìlú tí ọmọ ìyá wa wà gan-an. Ajá mẹ́fà ni wọ́n máa ń tú sílẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, àwọn ènìyàn a sì máa ta tẹ́tẹ́ lé wọn lórí. Kí ojú lè mọ èyí tó ṣáájú, wọ́n máa ń wọ ẹ̀wù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: ti àkọ́kọ́ pupa, ti èkejì búlúù, ti ẹ̀kẹta funfun, ti ẹ̀kẹrin dúdú, ti ẹ̀karùn-ún ní àwọ̀ ọsàn, ti ẹ̀kẹfà jẹ́ dúdú òun funfun. Nítorí náà, ìyá wa, ẹ̀wù kì í ṣe ohun tuntun lára ajá yìí. Ẹ̀wù iṣẹ́ ló ti ń wọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀wù òtútù ló wọ̀ báyìí.

Ó lè ya yín lẹ́nu pé ọwọ́ àlùfáà Ìjọ wa kan ni èyí tó lókìkí jù nínú wọn ti jáde. Fàdá Martin Brophy, ní abúlé Killeigh nílẹ̀ Ireland, ló ni ìyá ajá tó bí Mick the Miller. Ajá yìí gba ife ẹ̀yẹ Derby ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1929, ó tún gbà á ní 1930, ó sì borí nínú eré 19 léraléra. Nígbà tó kú ní 1939, wọn kò jù ú nù. Wọ́n tọ́jú ara rẹ̀ sí ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní ìlú Tring, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń lọ wò ó.

Lẹ́yìn tí eré bá parí

Ṣùgbọ́n ẹyọ kan ni Mick. Kí ni ti àwọn yòókù? Ọ̀pọ̀ ajá eré ìje ń parí iṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá pé ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, nítorí pé ẹsẹ̀ wọn ṣẹ́ tàbí pé àwọn ọ̀dọ́ ti yára jù wọ́n lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni irú ajá yìí lè gbé ayé tó ọdún 10 sí 14. Ìdá tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ ṣì wà níwájú nígbà tí olówó rẹ̀ kò bá rí èrè kankan gbà lórí rẹ̀ mọ́.

Ní 2006, ìwé ìròyìn kan ní Lọ́ńdọ̀nù tú àṣírí ọkùnrin kan ní ìlú Seaham, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan ń kó ajá tí kò lè sáré mọ́ wá fún un, ó ń gba pọ́n-ùn 10 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń pa wọ́n, ó sì ń sin wọ́n sórí ilẹ̀ rẹ̀. Ìwé ìròyìn náà ní ó ti ń ṣe é fún ọdún 15, àti pé àwọn ajá náà lé ní 10,000. Ọ̀rọ̀ yìí dun ọ̀pọ̀ ènìyàn dé egungun, títí kan àwọn tó fẹ́ràn eré náà.

Àwọn aláàánú ti wà ṣáájú ìgbà náà. Láti 1975 ni ẹgbẹ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Retired Greyhound Trust tẹ́lẹ̀ ti ń wá ilé fún irú ajá bẹ́ẹ̀ ní Bìrìtéènì. Ní 2020, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso eré náà níbẹ̀ ṣe òfin pé kí a ti fi pọ́n-ùn 400 pamọ́ fún ajá kọ̀ọ̀kan kó tó bẹ̀rẹ̀ eré, kí olówó rẹ̀ san ìdajì, kí ìgbìmọ̀ san ìdajì, kí owó náà lè ràn án lọ́wọ́ láti rí ilé lọ́jọ́ tí eré rẹ̀ bá parí.

Níbòmíràn, eré náà fúnra rẹ̀ ló ń dópin. Ní oṣù Kọkànlá 2018, àwọn ará ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà dìbò pé kí ó parí kí 2020 tó jáde. Bíi 69 nínú 100 àwọn olùdìbò ló fọwọ́ sí i. Ní ọdún 2018 kan náà, wọ́n ti pápá eré ajá Macau, nílẹ̀ Ṣáínà, pa, ajá tó lé ní 500 ló sì kù síbẹ̀. Àwọn aláàánú ẹranko ìlú náà ló tọ́jú wọn nígbà náà, tí wọ́n sì wá ilé fún wọn títí dé òkè òkun. Ẹ rí i pé òfin lè ti pápá ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n òfin kò lè fún ajá ní oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ náà. Ọwọ́ ènìyàn, nínú ilé ènìyàn, ló lè ṣe é.

Iṣẹ́ alágbàtọ́

Àwa náà mọ àgbàsìn. Ẹni tó gba ewúrẹ́ ẹlòmíràn sìn mọ̀ pé bó bá bímọ, òun yóò rí tòun nínú rẹ̀. Iṣẹ́ tí ọmọ ìyá wa ń ṣe kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ọmọ tí yóò pín nínú rẹ̀. Àgbàtọ́ ni: ó ń gba ajá náà láti inú ilé ajá, ó ń kọ́ ọ bí a ṣe ń gbé láàárín ènìyàn, lẹ́yìn náà yóò fà á lé ìdílé tí yóò máa bá gbé títí ayé rẹ̀.

A bi í pé kí ló wà nínú ajá tó ń fẹ́ ẹ̀kọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní inú ilé ajá ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, wọn kò tọ́ ọ nínú ilé rí. Kò mọ àtẹ̀gùn. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé, ó dúró sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó tó ọjọ́ mẹ́sàn-án tí wọ́n fi ń gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyàwó níwájú, ọkọ lẹ́yìn, kó tó gun ìdajì. Kò mọ ilẹ̀kùn gíláàsì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ forí gbá a. Ó rí ara rẹ̀ nínú dígí, ó sá. Ẹ̀rọ ìfọṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ó sá sábẹ́ tábìlì.

Ó ní àwọn nǹkan kan wà tí alágbàtọ́ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Èkíní, a kì í fọwọ́ kan án lójijì nígbà tó bá sùn. Òun nìkan ló ti ń sùn láti kékeré, kò sí ẹni tó ń jí i bẹ́ẹ̀, ó sì lè ta jí kó géni jẹ láìmọ̀. Orúkọ rẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ pè. Èkejì, a kì í tú u sílẹ̀ níta gbangba, nítorí bó bá rí ológbò tàbí ehoro, yóò fò lọ, ohùn ènìyàn kò sì lè dá a dúró. Ó lè bá a dé ojú títì níbi tí ọkọ̀ ń gbà. Okùn ni a ń mú un, a sì ń fi ohun kan sé e lẹ́nu níbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ọ̀rá ara rẹ̀ kéré, awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, òtútù sì ń mú un púpọ̀. Ìdí ẹ̀wù rèé. Ẹ̀kẹrin, bí yóò bá ṣe iṣẹ́ abẹ, oníṣègùn ẹranko gbọ́dọ̀ mọ irú ajá tó jẹ́, nítorí irú oògùn oorun mìíràn kì í tètè kúrò lára rẹ̀. Ẹ̀karùn-ún, díẹ̀díẹ̀ ni a ń kọ́ ọ láti dá wà nínú ilé, ìṣẹ́jú márùn-ún lónìí, mẹ́wàá lọ́la, kó má bàa rò pé wọ́n tún ti kọ òun sílẹ̀.

Gbogbo ohun tí wọ́n bá rí ni wọ́n ń kọ sínú ìwé kékeré kan: ohun tó ń bà á lẹ́rù, ohun tó fẹ́ràn, ibi tó ti ń dùn ún. Ìwé náà ni ìdílé tuntun yóò gbà pẹ̀lú ajá. Ní ti owó, ó ní ẹgbẹ́ tó fa ajá náà lé àwọn lọ́wọ́ ló ń san owó oníṣègùn àti ti oúnjẹ. Ẹ̀wù yẹn nìkan ni àwọn fi owó ara wọn rà.

A wá bi í ní ìbéèrè tó wà lọ́kàn ìyá rẹ̀: "Kí ló dé tí o fi ń ṣe é?" Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún ìyá mi, nítorí n kò sọ fún wọn rí, kí ọkàn wọn má bàa dàrú. Nígbà tí mo dé ìlú yìí, iṣẹ́ tí wọ́n ṣèlérí fún mi kò sí. Òtútù mú mi. Ìdílé kan tí n kò mọ̀ rí, tí mo pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbà mí sílé fún oṣù mẹ́rin. Wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń wọ bọ́ọ̀sì, bí a ṣe ń tan ẹ̀rọ ìmúlé-gbóná. Nígbà tí mo ríṣẹ́, wọ́n bá mi gbé ẹrù dé ilé tuntun, wọn kò sì gba kọ́bọ̀. Nígbà tí mo rí ajá yìí ní ìdí àtẹ̀gùn, mo rántí ara mi."

Kí ni Ìjọ wí?

Katikísímù Ìjọ tí Póòpù Jòhánù Pọ́ọ̀lù Kejì gbé jáde ní 1992 sọ̀rọ̀ lórí èyí, ní nọ́ḿbà 2416 títí dé 2418, ó sì fi ọ̀rọ̀ náà sórí ìwọ̀n méjèèjì. Ó kọ́ wa pé ẹ̀dá Ọlọ́run ni ẹranko, pé a jẹ wọ́n ní ojú àánú, pé a lè lò wọ́n fún oúnjẹ, aṣọ àti iṣẹ́, ṣùgbọ́n pé kí a fìyà jẹ wọ́n tàbí kí a pa wọ́n láìnídìí kò yẹ ọmọ ènìyàn. Ní apá kejì, ó tún kọ́ wa pé kò yẹ kí a ná owó tó yẹ kó gba ènìyàn lọ́wọ́ ìṣẹ́ sórí ẹranko, tàbí kí a fún ẹranko ní irú ìfẹ́ tó jẹ́ ti ènìyàn nìkan.

Ìjọ kò gbàgbé ajá. Nínú Ìwé Tóbítì, nígbà tí Tòbíà àti ańgẹ́lì Ráfáẹ́lì dìde ìrìn àjò, ajá ilé tẹ̀ lé wọn. Ṣùgbọ́n Ìjọ ti bá àwọn tó ṣe àṣejù wí rí. Ní nǹkan bí ọdún 1250, àlùfáà Dòmíníkì kan, Étienne de Bourbon, bá àwọn ará oko kan nítòsí Lyon, nílẹ̀ Faransé, tí wọ́n ń gbé ọmọ aláìsàn lọ síbi sàréè ajá kan tí wọ́n ń pè ní Guinefort Mímọ́. Irú ajá yìí kan náà ni. Ìtàn wọn ni pé ajá náà gba ọmọ olówó rẹ̀ lọ́wọ́ ejò; baba ọmọ wọlé, ó rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu ajá, ó pa á, kó tó rí i pé ọmọ òun ń sùn láìfarapa. Àlùfáà náà ní kí wọ́n hú egungun ajá náà, kí wọ́n sun ún. Ó tọ̀nà, nítorí a kì í gbàdúrà sí ajá. Síbẹ̀, ìtàn wọn ní ẹ̀kọ́ kan fún wa: baba yẹn pa ẹni tó sìn ín, nítorí pé kò dúró wádìí.

Ìdájọ́ wa nìyí. Ọmọ náà kò ṣẹ̀. Kò sọ ajá di ọmọ, kò sì fi owó àbúrò rẹ̀ bọ́ ọ. Gbèsè tí àwọn mìíràn jẹ ẹ̀dá tó sáré fún wọn ló ń bá wọn san. Ṣùgbọ́n a bá òun náà wí díẹ̀. A ní kó má ṣe fi àwòrán nìkan ránṣẹ́ sí ìyá láìṣàlàyé, kó má sì fi ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ àbúrò rẹ̀ falẹ̀. Ó gbà.

Ní ilé tiwa

Ẹ̀yin ìdílé wa, a kò ní pápá eré ajá níhìn-ín. Ṣùgbọ́n a ní àwọn tí eré wọn ti parí. Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Bàbá tó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí oko fún ogójì ọdún, tó ń jókòó lẹ́yìnkùlé báyìí, ta ló ń bá a sọ̀rọ̀? Ajá ọdẹ tó ti darúgbó, ṣé òkò ni oúnjẹ rẹ̀?

A sì ní ọmọ àgbàtọ́. Ọ̀pọ̀ ilé ní Àjàṣẹ́ àti Kutọnu ló gba ọmọ ẹlòmíràn sọ́dọ̀, àwọn tí a ń pè ní vidomègon. Bí ará òkè òkun bá lè fi ọjọ́ mẹ́sàn-án kọ́ ajá láti gun àtẹ̀gùn láìlù ú, kí ni a ó wí níwájú Ọlọ́run bí a bá lu ọmọ tó fọ́ àwo ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀? Bí wọ́n bá ń kọ ohun tó ń ba ajá lẹ́rù sínú ìwé, ṣé a mọ ohun tó ń ba ọmọ yẹn lẹ́rù lálẹ́? Alágbàtọ́ ni Jósẹ́fù Mímọ́. Ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀ ló kọ́ ní iṣẹ́ ọwọ́, tó gbé sá lọ sí Íjíbítì, tí kò sì lò bí ẹrú. Kí gbogbo ilé tó ní ọmọ àgbàtọ́ máa wo ojú rẹ̀.

A padà lọ bá ìyá wa, a sì rò fún un bí a ti gbọ́ ọ. Nígbà tí a dé ibi oṣù mẹ́rin nínú òtútù, ó fi etí ìró nu ojú. Ó ní òun ṣì gbà pé ẹ̀wù lára ajá jẹ́ ohun ẹ̀rín. A ní kò burú, kó máa rẹ́rìn-ín. Ó gbé tẹlifóònù rẹ̀, ó pe ọmọ rẹ̀ lójú wa. Lẹ́yìn ìkíni, ohun tó kọ́kọ́ bi í ni pé: "Ajá yẹn ńkọ́? Ṣé ó ti gun àtẹ̀gùn náà dé òkè?"

Kí Ọlọ́run Ẹlẹ́dàá fún wa ní ọkàn tí kì í gbàgbé ẹni tó sìn wá, kí Jósẹ́fù Mímọ́ máa gbàdúrà fún gbogbo alágbàtọ́. Àmín. Ó di oṣù tó ń bọ̀.